Ọkùnrin Tí Ó Jẹ́ Ìpè Ẹlòmíràn

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ba ayé ẹni méjì jẹ́. Gbọ́ bó ṣe rí.

Nígbà ogun Hítílà, orúkọ ìlú ni wọ́n sábà fi ń ṣe orúkọ bàbá fún ẹni tó bá wọṣẹ́ sójà. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin méjì tí wọn kì í ṣe ẹbí fi di Àlàbí Lọ́kọ́ja. Ọ̀kan lọ jagun ní Bọ́mà lókè òkun, bọ́ǹbù gé e lápá ọ̀tún, a sì sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́kan. Èkejì kò fojú kan ogun rí. Kàdúná ló wà tó ń se ẹ̀wà fún àwọn sójà, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ọtí mímu.

Ní ọdún 1951, ìjọba ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ fún sójà tó fara gbọgbẹ́: ṣíṣọ́ ọgbà ìjọba létí odò, pẹ̀lú yàrá kan àti aṣọ kakí. Àlàbí alásè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, ó ń wá ẹni tí yóò ra ọtí búrùkùtù fún un. Akọ̀wé yọjú pẹ̀lú ìwé orúkọ àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́, ó ké pe, "Àlàbí Lọ́kọ́ja!"

Ó fò dìde. "Sà!"

Àbí orúkọ rẹ̀ kọ́ ni? Ohun tó ń wí fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí akọ̀wé béèrè ọgbẹ́, àpá ìkòkò gbígbóná tó wà ní itan rẹ̀ ló fi hàn, ó ní ìbọn ni.

Ní ọjọ́ kẹta ni Ọlọ́wọ́kan ti oko dé. Wọ́n ní, "Àlàbí Lọ́kọ́ja ti wá gba iṣẹ́ rẹ̀." Kò jà, kò ṣépè. Ọdún méje ló fi ọwọ́ kan ru igi láti inú ọkọ̀ ojú omi, níwájú géètì tí Àlàbí ń ṣọ́. Bó bá ti ń kọjá, á kí i bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ wa, á ní, "Òkun o, Àlàbí." Àlàbí á sì wọlé lọ mu ọtí.

Lọ́jọ́ kan, pákó ọkọ̀ yẹ̀, igi sì wó lu Ọlọ́wọ́kan láyà. Salome, ìyàwó rẹ̀, wá sí géètì. Ó ní, "Ọkọ mi, Bàbá Múyìwá, ní kí ẹ wá." Àlàbí tẹ̀ lé e.

Lórí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí, Ọlọ́wọ́kan di ọwọ́ Àlàbí mú. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo rí ọ ní géètì ni mo ti mọ̀. Mo bínú sí ọ títí, kí n tó rántí iye ẹ̀ṣẹ̀ tí Jésù dárí jì mí. Mo ti dárí jì ọ́, Àlàbí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run lo ṣẹ̀ jù. Lọ bá a. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó fún ọ."

Àlàbí bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Olúwa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bọ́ kakí, ó lọ sọ òtítọ́ ní ọ́fíìsì, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi iṣẹ́ náà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n kọ ìwé tó fi iṣẹ́ náà fún Ọlọ́wọ́kan, wọ́n fi rán an. Ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ igbe Salome lójú ọ̀nà: Ọlọ́wọ́kan ti kú.

Ọlọ́run dárí ji Àlàbí, a dúpẹ́. Kò fẹnu kan ọtí mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún méje Ọlọ́wọ́kan kò ṣeé dá padà, ìyẹn sì ń pa á lẹ́kún di òní.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta ló ń ru ẹrù nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ? Má ṣe ní ó dọ̀la. Wá sọ́dọ̀ Jésù lónìí, kí o sì lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tó ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ.