Ọkùnrin Ike Tó Jókòó Sórí Àga Mi

Kò sí àṣẹ́kù tí èmi ò lè wá àyè fún. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, níwájú ẹlẹ́rìí, mi ò lè sẹ́ ẹ. Ohun tó tẹ̀lé e náà ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí. Ẹ bi ìyàwó mi. Òun kì í ṣàwàdà.

Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń to ọkọ̀ àti bàlúù kéékèèké, irú èyí tí wọ́n ń tà ní páálí, tí èèyàn á já ẹ̀yà wọn lára férémù ike, á sì fi gúlúù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bó o bá tò ó tán, nǹkan kan á ṣẹ́ kù ṣáá. Àwọn ẹlòmíì ń dà á nù. Èmi ń kó o sínú agolo bisikíìtì. Nígbà tí agolo kún, mo fi ohun inú rẹ̀ kọ́ ilé wa gan-an, kékeré, sórí àtẹ. Gíláàsì bàlúù di fèrèsé pálọ̀. Sàléńsà ọkọ̀ akẹ́rù di páìpù òjò. Mo tilẹ̀ ṣe àga mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èyí tí ìgbọ̀nwọ́ mi ti họ apá rẹ̀.

Káfíńtà ọ̀rẹ́ mi, tóun náà ń ṣe eré yìí, tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agolo. Ó mú ọkùnrin ike kan jáde. Ó wà ní ìjókòó, ọwọ́ lórí orúnkún, kò ní ọ̀dà lára. Mi ò rántí páálí tó ti wá.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?”

“Orí àga mi ni mò ń gbé e sí. Kí ìyàwó mi rí i, kó ta gìrì.”

“Ẹ kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀ láìfi gúlúù. Ẹ wò ó ná.”

Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn. Ọmọ ọjọ́ kan pàápàá mọ̀ ọ́n.

“Àbúrò,” ni mo wí, “kò sí àṣẹ́kù tí èmi ò lè wá àyè fún.”

Mo da gúlúù sí i. Ó bá àga náà mu, bí ẹni pé ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ìyàwó mi, aránṣọ, bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kò ta gìrì.

“Bàbá Ike, ta lèyí?”

“Àlejò rẹ.”

“Ó mọ̀ ọ́n jókòó jù yín lọ.”

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo jókòó sórí àga mi, mo sì tún dìde kíá. Ó gbóná. Bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀.

“Ta ló jókòó síbí?”

Maṣíìnì ìyàwó mi ń dún nínú yàrá kejì. “Ẹ̀yin kọ́ ni? Mo ti ń gbọ́ mímí yín látọ̀sán.”

“Ibi iṣẹ́ ni mo wà.”

Maṣíìnì dákẹ́. Omi ń kán nínú páìpù òjò.

Lẹ́yìn náà àga mi dún. *Kẹ̀ẹ̀.* Bó ṣe máa ń dún tí èèyàn bá fẹ̀yìn tì í kí ara lè tù ú. Orí ìdúró ni mo wà.

Ìyàwó mi yọjú. Ó wo àga, ó wò mí. “Ó kúkú ń fara balẹ̀,” ó wí. “Kì í gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ pálọ̀.” Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́ ètè.

Mo mú bíléèdì, mo fẹ́ fi ha ọkùnrin ike náà kúrò lórí àga kékeré yẹn. Bíléèdì ṣẹ́. Ọkùnrin náà kò mì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kan kò sí lórí orúnkún mọ́. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wà lórí apá àga, níbi tó họ. Poli ni mo ti kọ́ ìyàwòrán ilé. Wọn ò kọ́ wa léyìí.

Káfíńtà dé. Kò fi mí ṣẹ̀sín, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ó gbé agolo tó ti ṣófo, ó mì ín. Nǹkan dún nínú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ṣẹ́ kù.”

Ọkùnrin ike mìíràn ni. Ó ká orúnkún, bí ẹni tó wà lórí àpótí kúkúrú. Ó pá lórí. Ó wọ awò.

“Ó jọ yín o.”

“Mo rí i.”

“Ẹ wá àyè fún un, ṣebí ẹ lẹ́ẹ lè wá a.”

Mo gbé e sí bárándà ilé kékeré náà, kò bá a mu. Mo gbé e sí kíṣíǹnì, ó ṣubú. Níkẹyìn mo fi táyà ọkọ̀ ike kan ṣe àpótí fún un nínú yàrá kejì rẹ̀, níbi tí maṣíìnì ìyàwó mi máa ń wà. Ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ibẹ̀ náà ni èmi fúnra mi máa ń wà ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, lórí àpótí. Mò ń bá ìyàwó mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mò ń tú ibi tó bá rán sódì. À ń sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ń ro mí díẹ̀, àmọ́ ara tù mí. Bí àga bá dún ní pálọ̀, kò sẹ́ni tó ń yíjú.

Gúlúù wà nítòsí. Mi ò tíì fi lẹ ọkùnrin orí àpótí náà.