Yàrá Àpọ́n

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Mofẹ́olúwa pàdé Ọlátẹ́jú ní àdúgbò Tudun Wada, nínú ìlú kan nílẹ̀ Haúsá. Aránṣọ ni Mofẹ́, Kofar Doya ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ti wá búrẹ́dì kiri títí, èyí tó kù lórí àtẹ ti bu. Ọkùnrin kan tí ìyẹ̀fun kún ara ṣòkòtò rẹ̀ bá bu tirẹ̀ sí méjì, ó fún un ní ìdajì.

"Èmi náà wà lára àwọn tó ṣe é," ó ní. "Ṣùgbọ́n mọ́tò wa kì í gbé e wá síbí. Àdúgbò olówó ló ń gbé e lọ."

Bí ìfẹ́ ṣe wọ àárín wọn nìyẹn. "Adúmáradán mi" ni Ọlátẹ́jú ń pè é, inú Mofẹ́ a sì máa dùn.

Ṣùgbọ́n Tudun Wada ni Ọlátẹ́jú ń gbé, òdìkejì ìlú sì ni ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ wà. Owó kẹ̀kẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, wákàtí kan gbáko ní àlọ, òmíràn ní àbọ̀. Kó tó dé, ẹ̀fọ́ tó kù lọ́jà ti rọ, ọ̀pọ̀ ìgbà gààrí ló ń mu sùn. Ó ń rù.

Nígbà tó lọ kí bàbá Mofẹ́, orí àga ló sùn lọ sí. Bàbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń jó irin, dúró títí Ọlátẹ́jú fi lọ.

"Ọmọ dáadáa ni," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti jẹ agbára rẹ̀ tán kó tó délé. Kí ló kù fún ìyàwó?"

Nígbà tí Mofẹ́ sọ ọ́ fún Ọlátẹ́jú, ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ fi yàrá lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé búrẹ́dì, ó gbà á. Àpọ́n nìkan ni wọ́n ń fún. Ẹni tó bá gbéyàwó á jáde. Ó bẹ Mofẹ́ pé kó fún òun ní oṣù mẹ́fà kí òun wá ilé tí àwọn méjèèjì á máa gbé sí tòsí ibi iṣẹ́. Kò rí èyí tí apá rẹ̀ ká. Ọdún kan ààbọ̀ kọjá.

Jọláyẹmí, tíṣà kan ní Minanata, wá tọrọ Mofẹ́. Bàbá fọwọ́ sí i. Mofẹ́ sunkún, ó sì gbà.

Ó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Ọlátẹ́jú. Danladi tó ń ṣọ́ géètì kò jẹ́ kó wọlé, ẹnu géètì ni wọ́n dúró sí. Ọlátẹ́jú ti sanra. Ìyẹn ló dun Mofẹ́ jù.

"Màá padà sí Tudun Wada," Ọlátẹ́jú ní.

"O ò ní lè rin ọ̀nà yẹn mọ́, olólùfẹ́ mi."

Mofẹ́ ń retí kó jiyàn. Kò jiyàn. Ó béèrè bóyá ó ti jẹun. Mofẹ́ ní òun ti jẹ. Irọ́ ló pa. Wọ́n pe Ọlátẹ́jú láti ìdí ààrò, ó sì wọlé.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n so Mofẹ́ àti Jọláyẹmí pọ̀. Ọlátẹ́jú ṣì ń gbé yàrá náà. Kò sẹ́ni tó lé e.