Ilé Ti Ṣófo, Ọ̀gá

"Ta ló kù nínú ilé yìí?"

Ọ̀gá Ọlágúnjú, káfíńtà àgbà tó ń darí iṣẹ́, ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé olóògbé Bàbá Ràímì ní Agbamu, akoto funfun lórí rẹ̀, òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti gbé àkàbà ti ògiri. Suwebat ni gbogbo wọn ń wò, nítorí òun ni ọ̀gá yàn láti máa wọ yàrá dé yàrá kí wọ́n tó ṣí òrùlé ilé kankan. Òun náà sì ni ọmọ ilé yìí gan-an.

Suwebat dáhùn. "Kò sí ẹnikẹ́ni, sà. Ilé ti ṣófo."

"O wọ gbogbo yàrá?"

"Mo wọ gbogbo rẹ̀, sà."

Irọ́ ni. Ìyá tó bí bàbá rẹ̀ wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ó jókòó lórí ẹní, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ikọ́ má baà tú u fó.

Ẹ má tíì bínú sí ọmọ náà. Suwebat kì í ṣe òpùrọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, torí pé awakọ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Kàdúná, ibẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ọmọ náà ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, èsì ìdánwò rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà àtitẹ̀síwájú. Oko gbágùúdá ni òun àti Ìyá Àgbà ń lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá iṣẹ́ tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, òun sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, ó ń rò ó pé ìgbà wo ni yóò kan òun.

Àfi bí ìjọba ṣe gbé iṣẹ́ àtúnṣe ilé dé àwọn ìlú kéékèèké. Wọ́n á yọ páànù tó ti dípẹtà, wọ́n á kan igi tuntun sórí ilé, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀. Ohun tó mú inú àwọn ọ̀dọ́ dùn jù ni pé wọn kò gbà kí agbaṣẹ́ṣe kó òṣìṣẹ́ wá láti ibòmíràn. Ọmọ ìlú ni kó gbà, kó sì kọ́ wọn níṣẹ́ náà títí yóò fi mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣe dáadáa ní Agbamu yóò bá wọn lọ sí Omupo àti àwọn ìlú tó kù, yóò máa gba owó oṣù, wọn á sì fún un ní àpótí irinṣẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí Suwebat kọ́kọ́ gun òrùlé, àwọn àgbàlagbà kan rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú wọn. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán. Ìṣó tí ọmọ yìí bá kàn kì í tẹ̀, páànù tó bá tẹ́ kì í wọ́. Bọ́lánlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, a máa bá a dápàárá pé, "Ìyàwó káfíńtà là ń rò pé o máa jẹ́, o wá lọ di káfíńtà fúnra ẹ!" Inú Suwebat á dùn, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá Ràímì, bàbá àgbà rẹ̀, ló gbà kí wọ́n fi ilé náà kún àwọn tí wọ́n máa tún ṣe. Kò dúró jẹ adùn rẹ̀. Àìsàn kékeré kan ló gbé e lọ lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, Ìyá Ràfátù, aya rẹ̀, sì wọ tákàbà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó mùsùlùmí fi ń jókòó sílé ọkọ rẹ̀ tó kú. Kì í lọ sọ́jà, kì í lọ sóko, kì í sì í jẹ́ kí ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rí òun. Kò tíì lo ìdajì rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kan ilé wọn.

Òfin ọ̀gá ò sì lọ́jú pọ̀: wọn kì í ṣí òrùlé lé ènìyàn lórí.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, Suwebat kúnlẹ̀ ti ẹní ìyá àgbà rẹ̀. "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Ìyá Jàrátù lódìkejì títì. Wọn ò ní pẹ́ parí rẹ̀."

"Kí n gbé aṣọ opó gba títì kọjá?" Ìyá Ràfátù wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti yí. "Látìgbà tí mo ti wọlé yìí níyàwó, bàbá àgbà rẹ ò rí ẹ̀gàn mi. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo wá fẹ́ bà jẹ́? Háà, Suwebat."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ọ̀gá nígbà yẹn, kí wọ́n ní sùúrù fún wa."

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ Bọ́lánlé ń dún létí rẹ̀. Bọ́lánlé ti sọ fún un láàárọ̀ pé, "Wọn ò ní dúró o! Ilé tí wọ́n bá ti fò, ó lọ nìyẹn. Ìwọ náà ńkọ́? Ọmọ ilé tó dá iṣẹ́ dúró, ta ló máa mú un lọ sí Omupo?" Bọ́lánlé ò bi ẹnikẹ́ni kó tó sọ ọ́. Ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń jẹun ló ti gbọ́ ọ. Suwebat náà kò bi ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ràfátù náà ò fẹ́ kí wọ́n fo ilé òun. Òjò ọdún tó kọjá jò wọlé débi pé abọ́ tí wọ́n fi ń gbe omi kún gbogbo ilẹ̀ yàrá, ọkọ rẹ̀ sì kú láìrí òrùlé tó ń retí. "Má sọ nǹkan kan fún wọn," ó ní. "Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni yàrá mi wà. Ẹ ṣe tiyín lókè, mà á jókòó tèmi nílẹ̀. Ẹ ò tiẹ̀ ní gbọ́ kí n húkọ́."

Bí wọ́n ṣe jọ fi ẹnu kò nìyẹn, ìyá àti ọmọ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ló sì ń dunni jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Gbogbo ẹrù iwájú ilé ni wọ́n kó jáde. Nígbà tí Suwebat sọ pé ilé ti ṣófo, ọ̀gá gbà á gbọ́, torí kò tíì parọ́ fún un rí; àwọn ọmọ iṣẹ́ náà rò pé wọ́n ti mú opó lọ sọ́dọ̀ ẹbí. Wọ́n gun òkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ páànù. Àjà amọ̀ ló bo yàrá ẹ̀yìn, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ẹni tó wà lórí òrùlé kò lè rí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ilé náà ti wà ní ìhòòhò.

Àkọ́rọ̀ òjò ò tíì yẹ kó dé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú láti apá Èsìẹ́, afẹ́fẹ́ dìde, eruku bo ojú gbogbo ènìyàn.

"Ẹ gbé tapólì wá!" ni Ọ̀gá Ọlágúnjú kígbe. "Iwájú ni kí ẹ fi bò, ibẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì wa wà!"

"Ẹ̀yìn ńkọ́, sà?" ni ọ̀kan nínú wọn bèèrè.

"Tapólì ò tó méjì. Ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Bí àjà yẹn bá tiẹ̀ já, kò sí ẹni tó máa já lù. A máa ṣe òmíràn."

Bọ́lánlé yíjú wo Suwebat. Òun nìkan ni Suwebat sọ fún nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ pé ìyá wà ní yàrá ẹ̀yìn.

"Ọ̀gá," ni Suwebat pè.

"Kí ló dé?"

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, ọ̀gá á mọ̀ pé òun parọ́ láàárọ̀, Omupo á lọ, àpótí irinṣẹ́ á lọ, wọn á sì fi ilé sílẹ̀ láìlórùlé. Ó tún rò ó pé ògiri àtijọ́ ni, ó ti rí òjò tó ju èyí lọ. Ó gbàgbé pé abẹ́ òrùlé ni ògiri náà wà nígbà tó ń rí àwọn òjò yẹn.

"Kò sí nǹkan, sà."

Bí wọ́n ṣe ń so tapólì, ó yọ́ gba ẹ̀yìn ilé. "Ìyá Àgbà, ẹ dìde! Òjò ń bọ̀, wọn ò ní bo ibí!"

"Àwọn ọkùnrin yẹn ti lọ?"

"Wọ́n wà níwájú. Ẹ da aṣọ borí, ẹ jẹ́ ká sá gba ẹ̀yìn!"

Ìyá Ràfátù fà sẹ́yìn sí kọ̀rọ̀. "Kí wọ́n wá bá mi ní títì? Rárá. Jẹ́ kí òjò lé wọn lọ sílé ná, ìwọ náà á wá mú mi. Padà síbi iṣẹ́ rẹ kí wọ́n má baà wá ọ wá síbí. Lọ, ọmọ mi."

Suwebat lọ. Títí di òní ló ń bi ara rẹ̀ pé kí ló gbé òun lọ.

Òjò náà kò fi ojú àánú wo ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kóra jọ sábẹ́ tapólì níwájú ilé, wọ́n ń pariwo kí wọ́n tó lè gbọ́ra wọn. Ní ẹ̀yìn ilé, àjà amọ̀ ń mu omi, ó ń wúwo sí i, orí ògiri sì ń rọ̀. Wọ́n gbọ́ ìró kan tó le, ilẹ̀ sì mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ̀yìn ti lọ," ni ọ̀gá sọ, ó mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni pé—"

Suwebat ti ké. "Ìyá mi! Ìyá mi wà níbẹ̀ o!"

"Ìyá wo? Ṣebí o ní—" Ọ̀gá Ọlágúnjú kò parí rẹ̀. Ó ti ń sáré.

Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń wa amọ̀ náà nínú òjò, ọ̀gá ló wà níwájú wọn. Nígbà tí wọ́n kan aṣọ dúdú, Suwebat bọ́ híjáàbù orí rẹ̀, ó nà án bo ìyá àgbà rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ má wò ó!" ó ń sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó, opó ni!"

Àwọn ọkùnrin náà gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wa amọ̀ lọ láìwo ibi tí wọ́n ń wà. Nígbà tí wọ́n fi gbé e jáde, Ìyá Ràfátù ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Áfà Àbúdùlàhí, tó kírun sí i lára, jókòó láàárín ẹbí. "Ta ló sọ fún yín pé opó ò lè kúrò nínú ilé tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu? Ẹ̀sìn yọ̀ǹda rẹ̀! Á lọ síbi tó fọkàn balẹ̀, á parí tákàbà rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni mò ń gbé, ilẹ̀kùn mi kì í tì. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"



Ọ̀gá Ọlágúnjú náà pe Suwebat sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ pọ́n. "A kì í fo ilé ẹnikẹ́ni, Suwebat. Bí ilé kan bá ní ìdí, ìkẹyìn là ń fi í sí. À bá lọ ṣe Omupo ná, ká padà wá nígbà tí ìyá bá parí opó wọn. Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, sà."

"Ọwọ́ rẹ dára. Nínú gbogbo yín, ìwọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú lọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé ilé ṣófo, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni èmi ń gbára lé kí n tó gbé òòlù. Mi ò lè mú ọ lọ mọ́, ọmọ mi."

Wọ́n tún yàrá ẹ̀yìn mọ, wọ́n kan òrùlé náà, ó sì dára. Suwebat kò kan ìṣó kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wọn ń lọ sí Omupo, Bọ́lánlé dì mọ́ ọn, ó ń sunkún pé irọ́ tí òun kò mọ orísun rẹ̀ ni òun tà fún un. Suwebat kò bá a jà. Ó wọlé lọ, ó jókòó lábẹ́ páànù tuntun, òun nìkan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá fi ẹ̀mí ènìyàn síkàáwọ́ yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fi irọ́ bo ewu, ì báà jẹ́ irọ́ àánú. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè méjì ni ì bá gba Ìyá Ràfátù là, ọ̀kan lọ́dọ̀ áfà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọ̀gá, àwọn méjèèjì ì bá sì dáhùn pé, "Ó ṣeé ṣe."