Lẹ́tà Kan Nínú Ìwé Maydolis

"Híìtì ni, ọmọ mi. Kọ H."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fara pa mọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, oòrùn ń ta bí ata, èrò kún pápá ìṣeré wa ní San Blas, gbogbo wa sì ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. Maydolis nìkan ló jókòó. Ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ lé orúnkún, bírò wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń wo inú pápá bíi pé bọ́ọ̀lù ọ̀hún ṣì ń yí lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Òun ni akọ̀wé eré béésíbọ́ọ̀lù wa láti ìgbà tí ojú bàbá tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ò ti ríran dáadáa mọ́. Iṣẹ́ akọ̀wé kì í ṣe kékeré. Bí ẹnì kan bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù, tó sáré, tó dé ibùdó kìíní láyọ̀, ìyẹn ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kó sáré dé, akọ̀wé ló máa sọ bó ṣe débẹ̀. Bó bá jẹ́ pé agbára ọwọ́ ẹ̀ ló gbé e dé, híìtì nìyẹn, H la ń kọ. Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tó rọrùn láti mú ni ẹni tó ń ṣọ́ ọ jẹ́ kó bọ́, àṣìṣe nìyẹn, E ni. Rẹfirí ò lè dá sí i, kóòṣì ò lè dá sí i. Nílùú wa, táwọn àgbààgbà bá jà dé ibi tí wọ́n fẹ́ máa bú ìyá ara wọn, ẹnì kan á ní ká lọ wo ìwé Maydolis. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Leosdany lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Bọ́ọ̀lù tó gbá ò le rárá. Ó ń yí lórí ilẹ̀ jẹ́jẹ́ lọ bá Asniel, ọmọ ìlú La Julia tó ń ṣọ́ àárín ibùdó kejì àti ìkẹta fún wọn. Asniel bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù sì gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kọjá bí adìyẹ tó rí ọ̀bẹ. Àwọn méjì tiwa tó wà lórí ibùdó sáré wọlé, a gba àmì méjì, a borí, eré parí. Mo wo aago ọwọ́ mi: mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ óò bi mí pé, ẹ̀yin àgbà, tẹ́ ẹ ti borí, kí lẹ tún ń wá? Ilé iṣẹ́ ṣúgà wa ti kú tipẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ò ríṣẹ́ ṣe. Kóòṣì àgbà kan láti Matanzas ti wá sọ pé ẹni tó bá parí sáà pẹ̀lú àádọ́ta lé ní ọ̀ọ́dúnrún, òun á mú un lọ dán an wò fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀. Ìyẹn ni pé bó bá mú igi dúró nígbà ẹgbẹ̀rún, kí híìtì ẹ̀ tó ọ̀ọ́dúnrún àtàádọ́ta. Eré tó kẹ́yìn sáà nìyẹn, ìgbà ọgọ́rin ni Leosdany sì ti dúró. Híìtì méjìdínlọ́gbọ̀n á gbé e débẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹyọ kan ò ní ṣẹ́kù. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ní. Tí bọ́ọ̀lù yẹn bá jẹ́ E, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógójì ló máa bá parí, ó di ilé.

Maydolis gbójú sókè wò mí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé eré, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì kanlẹ̀ lórí àga. Mo mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ H. Ìlú pariwo, wọ́n gbé Leosdany sókè.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, a pé jọ sábẹ́ igi furúntù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Wenceslao onígbàjámọ̀, níbi tá a ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ ayé. Ọjọ́ yẹn, a jiyàn bóyá ó yẹ kí kóòṣì pààrọ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. A jiyàn lórí ẹni tó sáré jù lọ́dún tí wọ́n bí Wenceslao. A ń jiyàn lórí gbogbo nǹkan, àfi nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe máa ń rìn yí eyín tó ń dùn ún ká tó bá ń jẹun? Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Kò sẹ́ni tí ìdí ẹ̀ balẹ̀. Èmi náà dìde lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sì mọ ibi tí mo ń lọ.

Ìgbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ta ni mo rí, Asniel, lórí kẹ̀kẹ́. Kìlómítà mọ́kànlá ni La Julia sí wa. Aṣọ ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó kí wa, ó ní akọ̀wé lòun wá bá.

Wenceslao ní, "Ó wà nílé ẹ̀kọ́. Àbí bọ́ọ̀lù tó gba ìtan ẹ kọjá lánàá lo wá gbà? Ó ti dé etí òkun báyìí."

A rẹ́rìn-ín títí. Asniel dúró dè wá ká rẹ́rìn-ín tán.

"Ẹ̀yin bàbá, èmi ni mo ṣe àṣìṣe, wọ́n wá lọ kọ ọ́ sọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ju bọ́ọ̀lù yẹn sí Leosdany. Bí a bá kọ E, kò sẹ́ni tó máa ka àwọn méjì tó sáré wọlé sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ H, tiẹ̀ ni, kóòṣì àgbà tó ń wo Leosdany sì ń wo òun náà. Ẹnì kan nínú wa ní, ta ló ń fi kẹ̀kẹ́ wá àṣìṣe kiri fún ara ẹ̀.  Asniel jókòó lórí gbòǹgbò igi, ó ní òun á dúró.

Wenceslao wọlé lọ mú ìwé òfin jáde, ìwé tí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ti já. Ó tọ́ ìka lá, ó ṣí i, ó kà á sókè pé akọ̀wé ní wákàtí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn eré láti yí ìpinnu ẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di títí ayé. Gbogbo wọn wo aago ọwọ́ mi. Wọ́n ń wò ó bíi pé mo jí i.

Maydolis dé lẹ́yìn aago kan, pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ojú ẹ̀ pọ́n, mo mọ̀ pé kò sùn. Asniel sọ tẹnu ẹ̀ fún un, kò pariwo, kò bẹ̀ ẹ́. Maydolis gbọ́ ọ tán, ó wá yíjú sí mi.

"Bàbá Eligio, níbi tẹ́ ẹ jókòó sí lánàá, kò sóhun tó dí yín lójú. Kí lẹ rí?"

Mo ní, "Ohun tá a bá ti kọ, a ti kọ ọ́, ọmọ mi."

"Mi ò béèrè ohun tí mo kọ, sà. Ohun tẹ́ ẹ rí ni mo béèrè."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ẹnu àgbà tó yẹ kó la, mo fi kan ife kọfí. Kò sí kọfí kankan nínú ẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà níbẹ̀, orí ọmọ sì ń wọ́. Ó dúró wò mí títí, ó wá lọ sílé.

Láti ìgbà yẹn, a ò lè jiyàn mọ́. Ṣé ẹ ti rí àgbààgbà méje tó dákẹ́ lábẹ́ igi rí?

Nígbà tí aago mẹ́rin kù díẹ̀, a rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá lábẹ́ abíyá. Leosdany ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Ọmọ tó gùn tó òpó iná.

"Ọmọ ìyá mi ni ẹ́," ni Leosdany ń wí. "Ọmọ La Julia lo fẹ́ tìtorí ẹ̀ dá mi padà sílé? Lẹ́tà kan ṣoṣo ni."

Maydolis gbé ìwé lé orí àga tí Wenceslao ti ń gẹ irun. 

"Ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ ti fi òógùn gbà. Èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀. Tí mo bá fi irọ́ kan yìí sí i, ta ló máa gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yẹn gbọ́?"

Ó fa ìlà gba orí H. Ó kọ E sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó bu ọwọ́ lù ú. Kò gbójú sókè tó fi bi mí pé aago mélòó ló lù.

"Mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta," ni mo wí. Òtítọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Leosdany ju ìbọ̀wọ́ ẹ̀ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó lọ. Asniel ló mú un nílẹ̀, tó gbọn eruku ẹ̀ nù, tó gbé e lé orí ìwé kó tó gun kẹ̀kẹ́.

Ìyà tẹ̀ lé e o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Kóòṣì àgbà ò pe Leosdany. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ E ńlá sára ilẹ̀kùn ilé wọn. Ìyá wọn máa ń tò fún búrẹ́dì, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ìlà. Odindi oṣù mẹ́rin ni Leosdany ò fi bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tábìlì kan náà. Èmi ni mo lọ fi omi fọ ilẹ̀kùn yẹn. Ọjọ́ tí mò ń fọ̀ ọ́ ni mo sọ fún Leosdany pé mo rí bọ́ọ̀lù náà, pé àṣìṣe ni, àti pé èmi ni mo ní kí wọ́n kọ H.  Ó kàn bá mi pọn omi kejì wá.

Sáà tó tẹ̀ lé e dé. Lọ́jọ́ kan, Leosdany gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó mú un jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Leosdany sì dé ibùdó kìíní. Gbogbo bẹ́ǹṣì dìde, wọ́n ń pariwo híìtì. Ọmọ náà yíjú sí ibi tí àbúrò ẹ̀ jókòó sí, ó gbé ìka sókè, ó fi kọ E ńlá sójú ọ̀run. Maydolis bú sẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́.

Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlélógójì ló fi parí. Kò tún dé àádọ́ta. Kóòṣì àgbà wá, ó wo ìwé náà, ó bi wá bóyá ìwé ọmọbìnrin tó fa ìlà gba orí híìtì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìyí. A ní òun ni. Ó ní àádọ́ta lé ní ọ̀ọ́dúnrún pọ̀ lọ́wọ́ òun láti ìlú mìíràn, òun ò sì mọ èyí tóun lè gbára lé. Pé mọ́kànlélógójì yìí, òun mọ̀ pé ó pé. Ó mú Leosdany lọ.

Bóyá wọ́n á gbà á pátápátá, a ò tíì mọ̀. A ṣì ń jà lé e lórí lábẹ́ igi furúntù láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ ò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹni tó bá fi irọ́ kan ran ẹni tó fẹ́ràn lọ́wọ́, ó ti ba gbogbo òótọ́ ẹni náà jẹ́. Bí àgbà bá sì ní kẹ́ ẹ parọ́, ẹ bi í pé kí ló rí.