Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Lè Rìn Nínú Afẹ́fẹ́

Iléyá ku ọ̀la, gbogbo ilé ní Esie ló ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Ràfátù ti wẹ̀, ó ti lé tìróò, ó sì jókòó síwájú ilé. Ó ń retí ọkùnrin kan tí yóò wá tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ọ̀tún rẹ̀. Ọdún méjì rèé tí nǹkan funfun ti bo ojú náà, kò lè ṣa òkúta inú ìrẹsì mọ́.

Ọkùnrin náà ti sọ pé tọ́ọ̀ṣì lésà òun ní ìmọ́lẹ̀ tó ń yí, irú èyí tí Yusrah, ọmọ màmá, ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ gíga lókè òkun. Ní Iléyá èṣí, Lèmọ́ọ̀mù ti fi iṣẹ́ Yusrah yangàn fún gbogbo jámáà. Ta ni yóò kọ ìmọ́lẹ̀ ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí? Àná ni Yusrah dé, màmá kò sì sọ fún un, nítorí ó fẹ́ kí ó yà á lẹ́nu.

Ọkùnrin náà dé, ó ní kí màmá la ojú dáadáa. Bó ṣe gbé tọ́ọ̀ṣì sókè ni Yusrah jáde, ó sáré fi ọwọ́ bo ojú ìyá rẹ̀. Ó bi ọkùnrin náà léèrè irú gáàsì tó fi ń mú ìmọ́lẹ̀ tó ń yí náà jáde. Ọkùnrin náà ní gáàsì ìdáná ni.

Yusrah yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, lésà oríṣi àwọ̀ méjì la máa ń lò. A ó mú kí ọ̀kan yí sọ́tùn-ún, kí èkejì yí sósì, kí wọ́n jọ kọlu gáàsì díẹ̀ nínú páìpù tí a ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tuntun tó ń yí ti ń jáde. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí á gbé e mì kó tó rìn dé ibì kankan. Òun la fi ń wo ohun tíntìntín inú irin òòfà, a kì í fi wo ojú sàn. Ẹni tó bá ní òun gbé e sínú tọ́ọ̀ṣì, irọ́ ló ń pa. Lésà ọwọ́ rẹ̀ yẹn lè jó ẹyinjú yín, kò sì ní ṣeé tún ṣe."

Ọkùnrin náà ti wà lórí ọ̀kadà rẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Ojú ti màmá, àmọ́ ara tù ú ju bí ojú ṣe tì í lọ. Ó ń sọ "Àlùhámúdù lílàhì" láìdákẹ́.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, Yusrah mú un lọ sílé ìwòsàn ní Ọ̀mù-Àrán. Dókítà ní ẹyinjú ṣì pé, iṣẹ́ abẹ díẹ̀ ló máa mú nǹkan funfun náà kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, màmá wo ọmọ rẹ̀ títí, ó ní, "O mà ti rù o."

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan lésà sójú yín níta ilé ìwòsàn. Bí ojú bá ń dùn yín tàbí tó ń ṣú, dókítà ojú ni kí ẹ lọ bá. Bí ẹnìkan bá sì fi orúkọ ọmọ yín polówó oògùn, ẹ pe ọmọ náà lórí fóònù kí ẹ tó la ojú.