Aago Tí Kò Dé Ọwọ́ Bàbá Adé

Ẹ̀yin náà ti fura tipẹ́: ọkùnrin tó bá wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe àkókò ló ń wò. Ó ń wò ó bóyá ẹ ti rí aago náà ni.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni Abọ́dúnrìn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, iṣẹ́ báńkì ló gbé e wá sí Àkrà ní ilẹ̀ Gánà, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Aago mọ́kànlá ló ní, gbogbo wọn ló ti gbó, gbogbo wọn ló sì jẹ́ irú èyí tí a ń fọwọ́ yí láràárọ̀ kí ó tó rìn. Bátìrì, lójú tirẹ̀, ohun tí a ń fi sínú tọ́ọ̀ṣì ni. Ó máa ń ká apá ẹ̀wù òsì sókè díẹ̀ ju ọ̀tún lọ, kí aago lè rí afẹ́fẹ́.

Aago kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ló fún un ní èyí, bíṣọ́ọ̀bù kan ló bọ́ tọ̀hún lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún un. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọjà Kantamanto ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti wá, níbi tí Àjàlá ti ń ta òbúróní wáwù, aṣọ òkèèrè tí a ti wọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tú béèlì, oríṣiríṣi nǹkan ló máa ń jáde nínú àpò kóòtù. Àjàlá a ṣa àwọn aago sọ́tọ̀ fún oníbàárà rẹ̀ pàtàkì. "Mo ti ní kí wọ́n tún un ṣe, ọ̀gá," ni yóò wí. "Ó ń rìn geere."

Èyí tí Abọ́dúnrìn fẹ́ràn jù jẹ́ aláwọ̀ wúrà, ojú rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀ bí eyín àgbàlagbà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, òjò ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́ oríta Circle, omi wọ aago náà, ó dúró. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ júwe ìsọ̀ onípákó aláwọ̀ aró kan tí wọ́n ti ń tún aago ṣe fún un ní àdúgbò Kokomlemle.

Ibẹ̀ ló ti rí ọmọbìnrin kan. Ó tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó há awò kékeré sójú ọ̀tún, ó di tòsì, ó fi eyín há ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀. Ẹ̀mú ló fi di àgbá kékeré inú aago kan mú, èyí tí kò tó ẹyọ ọkà bàbà. Oòrùn gba àlàfo pákó wọlé, ó bà lé e lọ́rùn. Abọ́dúnrìn gbàgbé láti wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbójú sókè, awò yẹn ṣì wà níbẹ̀, ojú ẹyọ kan sì ń wò ó láti inú rẹ̀, ó tóbi, ó dúdú, ó ń dán bí kóró àgbálùmọ̀.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí sí tábìlì mi."

Ó séèémí. Ọmọbìnrin náà fi àgbá sáyè rẹ̀.

"Ó yá, ẹ lè mí."

Ó gba aago náà, ó fi ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì wo inú rẹ̀ pẹ́ ju bí ó ti yẹ kí ènìyàn wo omi òjò lọ.

"Ti ta ni?"

"Ti bàbá bàbá mi, Bàbá Adé. Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n ti rà á lọ́dún 1957. Òwò kòkó ló gbé wọn lọ."

"Ó ga o." Ó pa á dé. "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì."

Bàbá Adé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, adẹ́mu ni. Orí ọ̀pẹ ni ibi tó ga jù tó dé láyé.

Morónfólú ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Kokomlemle ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Abọ́dúnrìn gba aago rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé òmíràn wá, lẹ́yìn náà òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe wọ́n. Morónfólú a ṣí i, a wò ó, a pa á dé.

"Èyí ńkọ́, ti ta ni?"

"Bíṣọ́ọ̀bù kan ló fún mi."

"Àwọn èèyàn yín láàánú páà."

Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ, "ẹ" ti di "o" lẹ́nu rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti ń jọ jẹ kénkè, ìyẹn ẹ̀kọ líle àwọn ará Gánà, àti ẹja díndín lórí bẹ́ǹṣì iwájú ìsọ̀. Abọ́dúnrìn a na ọwọ́ òsì jìnnà sí ata.

"Ọ̀gá Báńkì, ṣé aago kì í jẹ ata ni?"

"Aago yìí dàgbà jù ọ́ lọ."

"Kí n kúnlẹ̀ kí i?"

Bàbá Morónfólú, Pa Olúrótìmí, a máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó ti fi ẹ̀mú àti awò lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìtàn nìkan ló kù tó ń ṣe ojúkòkòrò sí.

"Ọmọ mi, sọ ti Bàbá Adé fún mi."

Abọ́dúnrìn a sọ ọ́. Lóṣù kẹfà, ọkọ̀ ojú omi wọ inú ìtàn náà. Lóṣù kẹsàn-án, òyìnbó tó ni ìsọ̀ tẹríba fún Bàbá Adé.

"Ṣé yìnyín bọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Yìnyín bọ́, sà."

Bàbá a mi orí bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tó sì rí i pé ó dùn.

Kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́, ọkùnrin yìí fẹ́ràn Morónfólú. Nínú gbogbo ohun tó ń gbé kiri, ìfẹ́ yìí ló mọ́ jù, bóyá nítorí pé kò tíì rí ẹni tí yóò fi hàn. Lóṣù Kejìlá, ó ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Morónfólú ní, "Mo fẹ́. Bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

Bàbá kò bèèrè owó. "Kí ìyá rẹ wá," ni ó wí. "Kí a gbé aago wúrà yẹn sáàárín ẹrù ìdána, kí ìyá rẹ sì sọ ìtàn rẹ̀ lójú ìdílé méjèèjì. Ilé tí ọmọ mi ń lọ, ẹnu àgbà ló yẹ kí a ti gbọ́ nípa rẹ̀. Láìsí ìyẹn, mi ò ní ọmọ láti fún ẹnikẹ́ni."

Abọ́dúnrìn pe Abẹ́òkúta lórí fóònù.

"Ìyá mi, ṣé Bàbá Adé ní aago rí?"

"Bàbá Adé wo? Èyí tó ń bi àwọn ọmọ iléèwé bóyá wọ́n ti jáde, kó tó mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n?"

"Ẹ ò lè sọ pé wọ́n ní?"

"Kí n purọ́ mọ́ òkú nítorí aago? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ara rẹ yá?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi dé Kokomlemle. Bó bá sọ òótọ́, ojú yóò tì í. Bó bá dákẹ́, Morónfólú lọ nìyẹn. Ó ń rò ó lọ, ó ń rò ó bọ̀, títí àtẹ̀jíṣẹ́ Morónfólú fi wọ fóònù rẹ̀: "Kénkè ti tutù."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ ìsọ̀ náà lọ́wọ́ òfìfo. Ibi tí aago máa ń wà mọ́ ju apá rẹ̀ yòókù lọ.

"Morónfólú, aago yẹn kì í ṣe ti bàbá bàbá mi. Ọwọ́ Àjàlá ni mo ti rà á ní Kantamanto, inú àpò kóòtù ló ti jáde. Adẹ́mu ni Bàbá Adé. Wọn ò dé Lọ́ńdọ̀n. Wọn ò dé Ìbàdàn pàápàá."

Morónfólú gbé ẹ̀mú sílẹ̀.

"Kòkó ńkọ́?"

"Kò sí kòkó."

"Yìnyín?"

"Kò sí yìnyín."

"Áà. Bàbá mi fẹ́ràn yìnyín yẹn páà." Ó wò ó. "Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ àkókò?"

Ó sọ fún un. Bí òjìji ọ̀pẹ kẹta bá ti kan ọ̀nà oko, Bàbá Adé a sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kùrukùru bo oòrùn látàárọ̀, òjìji kò jáde, bàbá kò sì sọ̀. Orí ọ̀pẹ ni ìyàwó rẹ̀ wá bá a, ó ní òun ń dúró de ọ̀sán. Morónfólú rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀. Abọ́dúnrìn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko láìwo ọwọ́ rẹ̀.

"O ò bínú?"

"Sọ ọ́ fún bàbá mi bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Má yọ kùrukùru kúrò."

Pa Olúrótìmí gbọ́, ó gbà. Lóṣù kejì, ìyá Abọ́dúnrìn wá láti Abẹ́òkúta, ó sọ ti ọ̀pẹ lójú ìdílé méjèèjì, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní kó tún un sọ. Aago wúrà wà láàárín ẹrù, lórúkọ ara rẹ̀, aago Kantamanto. Wọ́n gbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Ọkọ ìyàwó ti wá rí ìtàn tuntun. Níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, a na ọwọ́ òsì síta, a sì sọ bí òun ṣe jẹ́wọ́. "Ó gba ìgboyà," ni yóò wí.

Lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó, Morónfólú ń nu àwọn aago náà ní pálọ̀ wọn. Abọ́dúnrìn nà gbalaja sórí àga.

"Olólùfẹ́ mi, o mọ̀ pé bí mi ò bá jẹ́wọ́, o ò ní mọ̀ láéláé."

"Wá wo nǹkan," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó ti ṣí ẹ̀yìn aago wúrà. Ó há awò sójú ọkọ rẹ̀.

Nínú ìdérí náà ni ó ti rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun: M.O. 2/16.

"Kí nìyí?"

"Àmì ni. Ẹni tó bá tún aago ṣe máa ń fi abẹ́rẹ́ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ àti oṣù síbẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi."

"Oṣù karùn-ún ni mo kọ́kọ́ gbé e wá bá ọ."

"Ẹ́ẹ̀n. Àjàlá ló gbé e wá ṣáájú. Kì í ta aago láìjẹ́ pé ó gba ọwọ́ mi."

"O mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́? Bàbá rẹ náà mọ̀?"

"A ń dúró dè ọ́ ni." Ó fi ọwọ́ nu èjìká rẹ̀ bí ẹni ń nu eruku. "O pẹ́ díẹ̀."

Abọ́dúnrìn fa àwọn aago yòókù mọ́ra, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú mọ́kànlá, mẹ́sàn-án ló ní M.O. nínú, títí kan ti bíṣọ́ọ̀bù.