Ẹni Tó Ń Po Mayonéèsì Kì í Dáhùn

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni Gbádégẹṣin kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ náà wà lókè, ó di ìgò òróró mú, òróró sì ń kán sínú abọ́ tánganran kan, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, bí ìgbà tí wọ́n ń kán oògùn sójú ọmọ. Ọwọ́ ọ̀tún ń fi fọ́ọ̀kì po ohun tó wà nínú abọ́ láìsinmi. Ọmọbìnrin tó ni ọwọ́ méjèèjì kò gbójú sókè. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló fi wérí, òógùn ti sẹ̀ sí i nímú, èèyàn mẹ́jọ sì tò síwájú tábìlì rẹ̀ ní oríta Mọ̀wó láìpariwo.

Oṣù kejì ọdún 1984 nìyẹn o, ọdún tí sójà fi kòbókò kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń tò. Ṣùgbọ́n kò sí sójà kankan nídìí tábìlì yìí. Ebi ló tò wọ́n.

Gbádégẹṣin jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, olùkọ́ ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ọ̀tọ̀. Kò tíì pé oṣù kan tó gba yàrá sí Mọ̀wó. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹni tí kò bá kí èèyàn kò tíì jí. Ó bá yọrí láàárín èrò, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o."

Ọmọbìnrin náà kò dáhùn.

"Mo ní ẹ káàárọ̀!"

Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Inú bí Gbádégẹṣin. Ó ti ń yí padà láti máa lọ nígbà tí Mùsílíù, awakọ̀ kan tó wà níwájú rẹ̀, fà á láṣọ.

"Tíṣà, ẹ fara balẹ̀. Tó bá ń pò ó, kì í fọhùn. Bí gómìnà ológun bá kí i, á dúró dè é ni."

Kò pẹ́, ọmọbìnrin náà gbé ìgò kalẹ̀. Ó gbé abọ́, ó dà á dojú dé sókè orí ara rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì mira. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ló wá kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kí mi, mo gbọ́ méjèèjì."

Ó rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò bá irú ẹ̀rín yẹn jà? Gbádégẹṣin ò rántí ohun tó ń bí i nínú mọ́. Ó gba búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹja díndín sí láàárín, tí wọ́n wá fi ohun pupa rẹ́súrẹ́sú inú abọ́ náà pa. Ó gé e jẹ, ó dúró, ó tún gé e jẹ.

"Kí lorúkọ eléyìí?"

"Mayonéèsì. Oúnjẹ àwọn Faransé ni. Pupa ẹyin tútù, òróró ẹ̀pà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀. Ègùn ni ìyá mi, ilé òyìnbó kan ní Àjàṣẹ́, ní òdì kejì ẹnubodè, ló ti kọ́ ọ, kí bàbá mi tó fẹ́ ẹ wá sí Àgbádárìgì."

"Ẹyin tútù?"

"Ṣé ó korò lẹ́nu yín ni?"

"Rárá o."

"Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ nígbà náà, sà. Ọkọ̀ yín ti fẹ́ gbéra."

Mọ́tọ́lá lorúkọ rẹ̀. Kí n má parọ́, kò sí àárọ̀ tí Gbádégẹṣin kò débẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, títí kan ọjọ́ tí kò níṣẹ́.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ìjọba ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa. Sàláàdì kírìmù inú ìgò di àwátì, òróró di ohun tí èèyàn ń wá kiri, ẹyin sì gbówó lórí bí ẹni pé adìyẹ náà ti di òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀rù ń ba Mọ́tọ́lá pé òun yóò palẹ̀ tábìlì òun mọ́. Gbádégẹṣin bá wá ọ̀gá kan tó ń sin adìyẹ ní Ọ̀tọ̀ rí. Ó ń ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbé e lé itan nínú ọkọ̀ títí dé Mọ̀wó. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ tẹ bíréèkì lójijì. Gbádégẹṣin sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹyin tó ń ṣàn lára ṣòkòtò rẹ̀. Mọ́tọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Tíṣà, ṣé inú ṣòkòtò lẹ fẹ́ ti pò ó lónìí ni?"

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Méjìlá ni mo rà, mẹ́jọ ló kù. Ìfẹ́ ló fọ́ mẹ́rin."

"Ìfẹ́ àbí bíréèkì?"

"Wọ́n jọ ṣe é ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni "Tíṣà" ti di "Gbádé". Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí etí òkun, wọ́n á jókòó sábẹ́ àgbọn. Ibẹ̀ ni Gbádé ti bi í léèrè ìdí tí kì í fi í sọ̀rọ̀ tó bá ń po mayonéèsì.

"Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á yá jù. Òróró á dà wọlé gbàgà, ẹyin á kọ̀ ọ́, kálukú wọn á bá tirẹ̀ lọ. Kò wá ní ṣeé jẹ mọ́."

"Tí mo bá ní kí o fẹ́ mi nígbà tí o ń pò ó lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Wàá dúró."

Ó wo òkun. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n mi ò po nǹkan kan lọ́wọ́ báyìí."

Gbádé lóye. Ó bi í. Mọ́tọ́lá fi orí lé e léjìká, ó ní, "Mo gbà, olówó orí mi. Ṣùgbọ́n kí ìyá rẹ kọ́kọ́ rí mi ná."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Bàbá Gbádégẹṣin ti kú láti kékeré rẹ̀. Ìyá yìí nìkan ló fi òwú òfì tó ń tà rán an nílé ìwé títí dé yunifásítì. Gbádé ò fi pamọ́ fún Mọ́tọ́lá rí: bí ìyá òun bá kọ̀, kò sí ìgbéyàwó.

Ìyá dé sílé Gbádé láti Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹwàá. Inú rẹ̀ dùn sí Mọ́tọ́lá lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọmọ náà mọ èèyàn kí, ó sì ń rìn bí ọmọ tó nílé. Lẹ́yìn náà ó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, Mọ́tọ́lá sì wọ kíṣìnì. Ó ti se ọ̀dùnkún, ó ti din ẹja, ó ti gé píà. Ó ku mayonéèsì. Ẹyin mẹ́ta péré ló rí rà, òróró rẹ̀ kò ju ìdajì ìgò lọ. Kò sáyè àṣìṣe. Ó kọjú sí ògiri nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó.

Ìyá jí. Ó wá omi mu, ó dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì.

"Mọ́tọ́lá, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Mọ́tọ́lá gbọ́. Ó rò ó pé ìṣẹ́jú kan péré ló kù, òun á parí rẹ̀, òun á kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, wọn á sì fi rẹ́rìn-ín. Háà, ọmọ yìí! Èmi ì bá jẹ́ kí ẹyin náà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló fẹ́ fi oúnjẹ yẹn wu ìyá ọkọ.

"Mọ́tọ́lá! Ṣé èmi kọ́ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni?"

Ẹyin tútù. Òróró. Ó kọjú sí ògiri. Kò fọhùn. Kò sí ìyá kan ní Ìsẹ́yìn tí yóò rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, tí yóò pè é ní oúnjẹ.

"Yéè! Gbádégẹṣin o! Ẹ gbà mí o! Oògùn ni wọ́n ń pò fún ọ jẹ!"

Gbádé sáré wọlé. "Màmá, mayonéèsì ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń jẹ ẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́jọ."

"Oṣù mẹ́jọ! Abájọ! Abájọ tí o kò wálé fún Iléyá! Ọmọ tí kì í fi ọdún ṣeré! Wọ́n ti gbà á mọ́ mi lọ́wọ́ o!"

Òótọ́ ni, Gbádé ò lọ ilé fún Iléyá. Kò fẹ́ fi Mọ́tọ́lá sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà bá a lójijì, ó wọ̀ ọ́ lára. Mọ́tọ́lá ti parí báyìí. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì. Ó fi ṣíbí bu díẹ̀, ó nà án sí olólùfẹ́ rẹ̀.

"Gbádé, jọ̀ọ́, tọ́ ọ wò kí Màmá rí i."

Ọwọ́ Gbádé kò gbéra. Mọ́tọ́lá dúró. Ó tún dúró díẹ̀ sí i. Ó wá gbé ṣíbí padà sínú abọ́ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ó dàbọ̀," ó sì jáde lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Gbádé tò bí gbogbo ayé ní oríta. Mọ́tọ́lá fi ẹja sáàárín búrẹ́dì fún un, kò fi nǹkan kan pa á.

"Tiyín rèé, sà. Kò sí ohun tó lè ṣe yín nínú rẹ̀."

"Mọ́tọ́lá, jọ̀ọ́. Ó kàn yà mí lẹ́nu ni. Mi ò gba nǹkan kan gbọ́."

Mọ́tọ́lá wò ó. "Màmá ò mọ̀ mí, mi ò bínú sí wọn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín dà?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ, pé ó kàn ya òun lẹ́nu. Èsì kan náà ló ń gbà. Àwọn ọkùnrin! Gbádé rù. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, oorun ò kùn ún. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó gba ìyọ̀ǹda níbi iṣẹ́, ó wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn.

"Màmá," ló wí, "adìyẹ yín ló yé ẹyin yìí. Ẹ̀yin lẹ ra òróró yìí. Abọ́ yín nìyí. Ẹ jókòó, kí ẹ wo ọwọ́ mi."

Ìyá jókòó. Gbádé bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó bí Mọ́tọ́lá ti kọ́ ọ létí òkun.

"Ṣé o jẹun lọ́nà?" ìyá béèrè.

"Mo jẹun, mà." Òróró dà wọlé gbàgà. Ó bàjẹ́.

Ó fọ́ ẹyin mìíràn. Ìyá ní, "Ìyàwó Akíndé ti bí o."

"Akọ àbí abo?" Ìyẹn náà bàjẹ́. Òróró léfòó, ẹyin rì.

Ó fọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rọra ń kán òróró, ohun inú abọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ki, ìyá sì na ọrùn wò ó. Bí aládùúgbò kan ti kí wọn láti ẹnu ọ̀nà nìyẹn, "Ẹ kúulé o!" Gbádé la ẹnu láti dáhùn.

Ìyá gbá a léjìká. "Dákẹ́! Má dá a lóhùn! Ṣé o ò rí i pé ó ti fẹ́ ki ni?"

Gbádé dákẹ́. Ìyá náà dákẹ́. Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Títí tí ọmọ rẹ̀ fi pò ó tán, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó wá tọ́ ọ wò.

"Ó dùn," ló wí. "Gbádé, ọmọ yẹn gbọ́ mi lọ́jọ́ náà, àbí?"

"Ó gbọ́ yín, Màmá."

"Mo wá pe ọmọ ọlọ́mọ ní olóògùn." Ó fi etí ìró nu ojú. "Aago mélòó ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń lọ lọ́la?"

Oòrùn ti kọjá àárín ọ̀run lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tó dé Mọ̀wó. Búrẹ́dì ti tán, Mọ́tọ́lá ń fọ abọ́. Ó rí wọn, ó nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ kí ìyá.

"Dìde, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo pariwo ohun tí mi ò mọ̀, mo sì bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Omi lé ròrò lójú Mọ́tọ́lá. "Màmá, èmi náà jẹ̀bi. Ǹ bá ti jẹ́ kó bàjẹ́, kí n dá yín lóhùn. Mo ti gbàgbé ẹ̀."

"Ó yá, jẹ́ ká máa lọ sílé ọmọ mi."

Mọ́tọ́lá kò mira. "Tiyín ti tán, mà. Tirẹ̀ ló kù." Ó yíjú sí Gbádé. "Gbádégẹṣin, ṣé ó kàn yà yín lẹ́nu ni lọ́jọ́ náà?"

Gbádé wo ìyá rẹ̀. Irọ́ kékeré kan ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Rárá. Mo gbà á gbọ́. Bí Màmá ti ń pariwo, mo rò ó pé èèyàn kì í fẹ́ràn èèyàn tó báyìí lásán. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé o ti fi nǹkan sí mi lára." Ó yíjú sí Mọ́tọ́lá. "Oṣù kan rèé tí mi ò jẹ ẹ́, Mọ́tọ́lá. Mò ń retí kí ó dínkù. Kò dínkù. Kò tilẹ̀ dínkù rárá."

Mọ́tọ́lá bú sẹ́kún. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó wá ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún náà.

"Oṣù kan ni mo fi ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí," ló wí. "Gbádé mi. Ká ní o tún parọ́ fún mi lónìí ni, mi ò ní í wo ojú rẹ mọ́ láéláé."

Ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó gba ọwọ́ ìyá pẹ̀lú. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí Àgbádárìgì, ẹ wá tọrọ mi. Ìyá mi ní òun fẹ́ rí ẹni tó pe mayonéèsì òun ní oògùn."

"Yéè," ni ìyá wí. "Ẹ̀rù ìyá rẹ ń bà mí o."

"Kó má bà yín. Ẹ̀yìn yín ni mo wà."

Wọ́n wọkọ̀. Ìyá jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, kò sì fi ọwọ́ Mọ́tọ́lá sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀.